Gọ́ọ̀mù Apá Myrsky

Bàbá Outi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ mí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

Màmá rẹ wá láàárọ̀ nígbà tí o ṣì ń hanrun. O ò pa kọ̀ǹpútà rẹ. Wọ́n ka ohun tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe géèmù ogun yẹn: pé kí wọ́n fi Myrsky sí i, ọkọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ wa tí ayé ti gbàgbé, pé kò lábùkù kankan.

Màmá ní, “Ta ló sọ fún un? Àwa ọmọge la fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó apá rẹ̀ nígbà ogun. Bí òjò bá pa á pẹ́, ṣe ló ń tú. Inú rẹ̀ ni Aarne, àfẹ́sọ́nà mi, kú sí.”

N ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ṣé ìwọ ti gbọ́ ọ?

Mo bu kọfí fún wọn, wọn ò fẹnu kàn án. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, n ò rí irú ẹ̀ rí.

Bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Kó fi ránṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kó sọ fún wọn pé bí òjò bá ń rọ̀ nínú géèmù yẹn, kí apá ẹ̀ máa já. Bí kò bá já, kì í ṣe tiwa.”

Tún un kọ, kí o lọ kà á fún Màmá.

Ife kọfí Màmá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. N ò dà á nù, kí o lè rí i.

Sirkka