Okùn Tó Wà Níbi Orí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Òkúdu, 1988

Ìyá Àgbà kú láàárọ̀ yìí. Mo ń ro ọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa gbé e dé yàrá, ó ti lọ.

Mo dá aago dúró. Mo da aṣọ bo dígí. Mo ṣí fèrèsé, bó ṣe kọ́ mi pé kí n ṣe bí ẹnì kan bá kú. Atẹ́gùn òkun Bluff, ìlú èbúté wa, rọ́ wọlé, ó tutù bíi yìnyín. Mo wá jókòó, mo jẹ ọ́ọ̀tì náà tán. Ojú mi gbẹ táútáú.

Ọjọ́rú, 8

Alàgbà dé — ìyẹn Wallace, ẹ̀gbọ́n màmá mi. Nínú ọkàn mi nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí oyè ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ ti wọ̀ ọ́ lára ju ẹ̀wù lọ. Kò tíì mu tíì tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín okùn.

Okùn mẹ́jọ la fi ń sọ pósí kalẹ̀ sínú ihò. Ẹni tó sún mọ́ òkú jù lọ ló ń di ti orí. Gbogbo ìlú á wò ó, wọ́n á mọ̀ pé òun ló lòkú. Alàgbà fún ara rẹ̀ ní ti orí. Ó fún Lachie ọmọ rẹ̀ ní ti ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìjọ pín ìyókù. Èmi? Kí n máa ká wàràkàṣì sínú búrẹ́dì fún àlejò.

Mo ní Ìyá Àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé èmi ni kí n di ti orí. Alàgbà ní obìnrin kì í di okùn. Ó ní ní Buckie, ní Skọ́tíláǹdì níbi tí wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, obìnrin kì í tilẹ̀ dé itẹ́ òkú. Mo bi í pé ṣé Buckie la wà ni. Ó bu tíì mìíràn.

Màmá mi fi mí sílẹ̀ lọ sí Ọsirélíà kí n tó gbọ́n. Ìyá Àgbà ló tọ́ mi. Bí mi ò bá di okùn yẹn, kí ni mo jẹ́ sí i lójú ìlú? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fún un lóúnjẹ.

Ọjọ́bọ̀, 9

Mo fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Mo lọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan tó ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Pásítọ̀ wá gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀. Alàgbà ń rò ó bí ẹni ń kéde ní ìjọ: Williamina Cowie, onígbàgbọ́, oníwà pẹ̀lẹ́.

Oníwà pẹ̀lẹ́ kẹ̀? Ẹni tó sọ ìkarahun lu máníjà nídìí iṣẹ́? Ọmọdébìnrin ni nígbà tó ti ń la ikùn ẹja káàkiri, èbúté kan sí èkejì. Ó wọkọ̀ òkun wá síbí torí ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ — kò mọ ẹnì kankan. Ilé tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ìyàwó ilé ní òun ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá Àgbà ní kò burú, òun náà ò gbọ́ tiẹ̀. Ó wá wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí ìkarahun ọ́ísítà, ẹran inú òkun kan, ó ṣí i títí ó fi darúgbó. Ó sin ọkọ, ó sin ọmọ. Kò padà sí Buckie láé. Mo bi í rí bóyá ó wù ú. Ó ní ta ló kù níbẹ̀ tó máa dá òun mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá yìí, Bella ló ń pè mí, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú sọ́hùn-ún. Mo ń jẹ́ ẹ.

Mi ò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún pásítọ̀. Ó rẹ̀ mí. Àǹtí Nessie, ìyàwó Alàgbà, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀, ló gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

"Wallace, ta ló ń nùdí fún ìyá ẹ látọjọ́ yìí?"

Pásítọ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

A sin ín. Òjò, atẹ́gùn. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí láàárín àwọn obìnrin, inú ń bí mi. Ìbínú yẹn nìkan ló gbé mi ró láti Ọjọ́rú.

Wọ́n pe nọ́ńbà kìíní, ìyẹn ti orí. Alàgbà bọ́ síwájú, ó mú okùn orí. Ó wá yíjú padà, ó na okùn náà sí mi níṣojú gbogbo ìjọ.

"Rona, wá gbà á. Tìẹ ni."

Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀, kò gbéra. Gbogbo bí mo ṣe ń jà du okùn yìí, mi ò rò ó rí pé inú ilẹ̀ ni wọ́n máa fi sọ Ìyá Àgbà kalẹ̀ sí.

"Ẹ̀yin ẹ dì í, Bọ̀ọ̀dá Wallace. Mi ò lè sọ ọ́ kalẹ̀."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ó dáa. Dúró tì mí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn díẹ̀díẹ̀. Alàgbà ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́, mo tẹ́tí sí i: "Mọ́mì. Mọ́mì." Mi ò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Látọjọ́ yìí mo rò pé ó fẹ́ gba Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mi ni. Ìyá tiẹ̀ ló kú.

Ilẹ̀ ń yọ̀, Alàgbà sì ń tẹ̀ síwájú sí ẹnu ihò. Mo di ẹ̀wù òtútù rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo dì í gírígírí. Mo ti ń sunkún, mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò tú ẹ̀wù yẹn sílẹ̀ títí okùn fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.