Yàrá Ìyá Àgbà La Ti Gba Ohùn Yín Sílẹ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n ní Arámọkọ,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lé wa lórí láti ìdájí. Èmi Rísíkátù kúnlẹ̀ kí yín láti Glasgow níbí, lórí ilẹ̀ tó tutù débi pé orúnkún ń ta mí. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù. Mo kí àwọn aládùúgbò wa, àti Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Mo kí Bọ̀dá Mùfú, àkọ́bí ilé wa, ọmọ Ìyá Àgbà tí í ṣe ìyàálé yín. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn náà, àmọ́ ẹnu mi kò kúnlẹ̀. Wọ́n á rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé gbangba ni wọ́n ti bú wa. Ọkùnrin kan ní Ìjerò tó ń pe ara rẹ̀ ní Kíńgì ń sọ kiri pé yàrá òkú ni mò ń pè ní sítúdíò, pé aṣọ àlòkù àti ọ̀pá fáànù ni mo fi ń gba orin sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ìyókù, torí ìdajì òótọ́ lagbára rẹ̀ mọ.

Ẹ̀yin mọ ìtàn náà, àmọ́ àwọn tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí lè má mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó kékeré lẹ fi orin sin wọ́n. Ẹ dá a ní àsàlátù, kò sì sí ìyá tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ukú wọ ulé, uná kú." Bí a ṣe ń pe ikú, ilé àti iná nílé wa nìyẹn. Ẹnu á ṣù jọ síwájú lórí ukú, á tún ṣù jọ lórí ulé àti lórí uná, bí ẹnu ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orin náà fi ń dunni, kó wo ẹnu akọrin nìkan.

Bọ̀dá Mùfú ló dábàá pé kí a gbé orin náà lọ sí sítúdíò. Àbá tó dára ni. Sítúdíò Kíńgì yìí tí wọ́n yàn ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n rí iná aláwọ̀ búlúù lára ògiri, wọ́n rí àga aláwọ tó ń yí, wọ́n rí spíkà tó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ ń gbé. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ń kọrin, gbogbo ilé ọtí ọ̀nà Adó ì bá ti di gbajúmọ̀ akọrin.

Ẹ ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ẹ ní ọmọkùnrin náà kò jẹ́ kí ẹ kọ ọ́ dé ìdajì kó tó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní orin náà ń falẹ̀. Ó ní ohùn yín ti sán. Ó ní ẹnu ará oko lẹ fi ń kọ ọ́, pé kí ẹ máa sọ ikú àti ilé bíi ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, torí irú ohùn báyìí kò tà. Ọmọ Ìjerò ni o, tí ìyá tó bí i lọ́mọ náà ń pe ilé ní ulé. Ó wá pe ọmọbìnrin kan láti Adó kó wá kọ ọ́ dípò yín. Ó fi ìlù inú kọ̀ǹpútà sí i, ìlù bí ìgbà tí ọmọdé ń fi ọmọrí ìkòkò lu ara wọn. Èyí tó wá burú jù ni pé ó ki orúkọ ara rẹ̀ bọ inú orin náà. Wọ́n á kọ ukú wọ ulé, tó ti sọ di ikú wọ ilé, ohùn rẹ̀ á bú jáde pé, Kíńgì ló wà ńbẹ̀. Wọ́n á tọrọ àforíjìn fún òkú, Kíńgì ló wà ńbẹ̀. Wọ́n á ṣe àmín, Kíńgì ló wà ńbẹ̀. Mi ò tíì rí ọba tó ń wá ìlú dé inú sàréè.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí ẹ fi orin náà ránṣẹ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, ilé ìfọṣọ ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Òjò ń rọ̀, bí ènìyàn bá lè pe ìyẹn ní òjò. Òjò Arámọkọ á wá, á jà, á sì lọ. Tìhín kò lágbára àtirọ̀, kò sì nítìjú àtidá. Ó kàn ń tutọ́ síni lára láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí, mo sì ń dúró de ohùn yín títí orin fi parí. Kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọmọ ayé òde òní ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá àsàlátù sọ fún mi pé ẹ kì í dá orin mọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín, ẹ á ní ohùn yín ti sán. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Orin tó bàjẹ́ ṣeé tún kọ, àmọ́ ọmọ yẹn ti wọ inú ọ̀fun yín lọ.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa gbígba orin sílẹ̀ nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ ìsinmi mi. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, ọjà ni wọ́n ń tà: bí o kò bá ra èyí, bí o kò bá ra tọ̀hún, orin rẹ kò lè dáa láéláé. Irú wọn pọ̀ bí eṣinṣin. Àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ pé yàrá lèèyàn ń kọ́kọ́ tọ́jú, pé ohùn máa ń lu ògiri lásán padà wá bí bọ́ọ̀lù, ohun tó bá rọ̀ ló sì ń gbé e mì. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló tún rọ̀ ju ohun tí mò ń fọ̀ lójoojúmọ́ lọ? Níbi iṣẹ́ wa, kúbùsù tí àbàwọ́n rẹ̀ kò bá ti lọ, wọ́n á jù ú nù. Mo tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó ń pè mí ní Rísì nítorí pé ìyókù orúkọ mi wúwo fún ahọ́n rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo alágbe, ó ní kí n máa kó o lọ.

Mo kọ́ wọn sára ògiri yàrá mi, yàrá tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé adìyẹ yín lọ. Mo ra máíkì àlòkù kan, mo ra àpótí kékeré tó ń gbé ohùn láti inú máíkì wọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, ètò tí mo sì fi ń gba ohùn sínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé kò dín, ẹ ṣàkíyèsí. Mò ń kọrin, mò ń gbọ́ ara mi padà, mò ń tún un ṣe. Ní ìlú tí ọ̀sẹ̀ máa ń parí kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ Yorùbá lójúkojú, ohùn ara mi ni mò ń bá ṣọ̀rẹ́.

Nígbà tí mo gba ìsinmi wálé, Bọ̀dá Mùfú wá pàdé mi ní Adó. Wọ́n béèrè sítúdíò tí mo ní mò ń gbé bọ̀, mo fi báàgì ọwọ́ mi hàn wọ́n. Wọ́n ní ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní eré ọmọdé ni, pé spíkà Kíńgì ga ju ènìyàn lọ. Mo ní spíkà kì í gba ohùn sílẹ̀, Bọ̀dá, ariwo nìkan ló ń pa, bíi ti àwọn ènìyàn kan.

Nígbà tí a dé Arámọkọ, mo wá yàrá kiri inú ilé. Pálọ̀ ń dún bí ilé ìwẹ̀. Yàrá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kadà kì í sinmi níbẹ̀. Yàrá Ìyá Àgbà ló kù, lẹ́yìn pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọjọ́ ikú wọn. Mo wọlé, mo pàtẹ́wọ́. Ohùn àtẹ́wọ́ náà wọlẹ̀, kò padà. Àpótí aṣọ méjì ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì nípọn, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Mo na okùn, mo kọ́ àwọn ìró àti aṣọ òkè wọn sí i yí ká. Fáànù wọn tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́ dúró ní kọ̀rọ̀; mo yọ orí rẹ̀ kúrò, mo de máíkì mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Mo ká wáyà rìbìtì, mo fa ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, mo gbé e síwájú máíkì kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Sítúdíò ti parí nìyẹn.

Mo lọ bẹ obìnrin onígbàgbọ́ tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní tìtorí Ìyá Àgbà, òun á pa ẹ̀rọ òun, àwọn oníbàárà á dúró. Bọ̀dá Mùfú, tó jẹ́ pé ìyá wọn gan-an ni, ní àwọn kò lè pa jẹnẹrétọ̀ àfi bí bọ́ọ̀lù tí àwọn ń wò bá parí. A dúró de bọ́ọ̀lù.

Ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí. Ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn jáde, ẹ kò tíì wọ ibẹ̀. Ẹ tún ní ohùn yín ti sán. Mo ní kí ẹ má kọrin bí ẹ kò bá fẹ́, kí ẹ kàn wá jókòó tì mí. Ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹ di ìró kan mú lára okùn, ẹ ní èyí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ró o, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń mú un. Lẹ́yìn náà lẹ dá orin náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà: Ukú wọ ulé, uná kú.

Ohùn yín sán lóòótọ́, Màmá mi. Ó sán níbi tó yẹ kó sán.

Ẹ dé ibi tí orin náà máa ń parí sí, ẹ kò dúró. Ẹ kọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé yín wọlé ọkọ, àwọn ènìyàn wá kìlọ̀ fún Ìyá Àgbà pé orogún dé, ìyàálé yín sì dá wọn lóhùn pé ebi ń pa ọmọ náà, kí wọ́n jẹ́ kó jẹun ná. Ẹ kọ ọ́ pé nígbà tí ibà fẹ́ pa Bọ̀dá Mùfú ní kékeré, tí Ìyá Àgbà wà lóko kòkó, ẹ̀yin lẹ pọ̀n wọ́n nínú oòrùn dé ilé ìwòsàn, nítorí ọkọ̀ kò sí. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, wọn ò gba ọmọ náà kúrò lẹ́yìn yín. Wọ́n ní ó ti di ọmọ ẹni méjì.

Kíńgì dé lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá ló pè é wá wò ó. Ó rí ọ̀pá fáànù, ó rẹ́rìn-ín títí. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i létí. Ó gbọ́ ọ dé òpin láìmira. Mi ò mọ̀ bóyá ojú tì í, gíláàsì dúdú ló fi bojú nínú ilé. Ó wá ní òun á bá wa fi ìlù sí i, òun á fi orúkọ òun sí i, pé orin náà lè tà. Ẹ fi ẹnu Arámọkọ dá a lóhùn pé ẹrù tí ó ní kò tà, kí ló wá ń ná an fún. Látìgbà náà ló ti ń sọ̀rọ̀ wa kiri.

Kó máa sọ ọ́. Mo gbọ́ pé ẹ ti tún ń dá orin, pé àwọn ìyá kan wá láti Erío, wọ́n ní kí ẹ ṣí yàrá náà fún àwọn bí mo bá tún dé, àwọn náà ní òkú tí àwọn fẹ́ kọrin fún.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Mùfú. Bí orin náà bá parí, kí ẹ̀rọ tó kú, ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń fa imú. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi léraléra pé kí n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe àwọn lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé yọ, kò le rárá. Mi ò ní yọ ọ́. Láti kékeré mi, ohùn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lára Bọ̀dá tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ Ìyá Àgbà. Kó jẹ́ kí ọ̀fun yín tutù, kó sì dá ẹ̀mí yín sí títí tí mo fi tún máa kúnlẹ̀ níwájú yín. Ẹ bá mi kí onílé, ẹ bá mi kí àlejò, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin aláta.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù