Ẹyẹ Tó Lé Tìróò

Peckham, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kú lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Ìlú òyìnbó yìí náà la sin ín sí. Inú fóònù ni mò ń sọ èyí sí, n kò mọ̀wé kọ.

Rónkẹ́ àkọ́bí mi wá lónìí, ó fi ẹyẹ òkun kan hàn mí lórí tẹlifíṣọ̀n. Pọ́fíìnì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ pupa bí ata. Ó lé tìróò bíi ti Àbẹ̀kẹ́. Á mòòkùn sínú omi, á kó ẹja wẹ́wẹ́ jáde. Bí òtútù bá dé, àwọ̀ ẹnu náà á re dànù. Ìyẹn yé mi.

"Daddy, ihò kan náà ni tọkọtaya máa ń padà sí lọ́dọọdún."

"Bí ìyàwó ò bá dé ńkọ́?"

"Daddy, ẹ jẹ́ ká jẹun jàre."

N kò lè jẹun.

Bí mo bá kú, àwọn àbúrò Rónkẹ́ fẹ́ gbé òkú mi lọ sí Ìjẹ̀bú, sí ilé tí mo kọ́. Ta ló wà níbẹ̀?

Rónkẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni kí ẹ sin mí sí. Ìwọ lo gbọ́ ohun tí mo bi ọ́ lónìí. Bá mi sọ fún wọn.