Sọ́rì Tí Díláìtì Ń Sọ

Dáníẹ́lì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara ìyàwó le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kọ ní Èkó. Àwa náà ń dúpẹ́ ní Ifọ̀ níbí.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi kí ìyá rẹ tó rò ó fún ọ, torí ẹ̀rín ló máa fi bà á jẹ́. A ti fi yàrá tó kọjú sí kànga háyà fún tíṣà kan, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Díláìtì. Kò pẹ́ tó dé ni àmù ìyá mi fọ́ lẹ́yìnkùlé. Ibi tí mo ti ń wò ó ni Díláìtì ti jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní sọ́rì sà. Mo mọ sọ́rì. Nílé ìwé alẹ́ tí mo lọ, wọ́n ní má bínú ni, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́. Mo ní ó kúkú jẹ́wọ́, mo dárí jì í.

Lọ́jọ́ kejì NÉPÀ mú iná, ó ní sọ́rì sà. Mo ní àbájọ tí láìtì fi wà nínú orúkọ rẹ̀. Òjò pa láfún tí mo sá, sọ́rì. Mo húkọ́, sọ́rì. Mo kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé lọ́hùn-ún ló ti sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. N ò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́, mo ní kó wá ilé mìíràn. Ó sunkún, ó ń bi ìyá rẹ pé kí lòun ṣe.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìbàfò. Díláìtì tí mo ń lé yìí ló kọ́kọ́ bu omi fún mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní sọ́rì sà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá rò ó pé ta ló lè jókòó sí Ifọ̀ kó pa arúgbó ní Ìbàfò? Mo bi ìyá rẹ. Nínú ọ̀fọ̀ yẹn, ó rẹ́rìn-ín tí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ní sọ́rì àwọn ọmọ ìsinsìnyí, pẹ̀lẹ́ ni.

Ojú tì mí. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ náà, mo ní sọ́rì. Ó ní ẹ ṣé sà, orí tó ń fọ́ òun ti fúyẹ́. Mo tún ní sọ́rì. Ó ní ẹ má dààmú, òun ti lo oògùn. Nígbà tó sú mi, mo ní ìwọ ọmọ yìí, má bínú, má kó lọ mọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Òun ló ń bá ìyá rẹ fa omi báyìí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹbí ti dá owó òkú, ó kàn ọ́. Mobọ́lájí àbúrò rẹ sì ka ohun tí o tẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìsìnkú tí a ò rí ọ, ó ní sọ́rì nìkan ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pẹ̀lẹ́ ni, mo dúpẹ́. Bó bá jẹ́ má bínú ni, wá fi Yorùbá sọ ọ́ lójú mi, kí ìyá rẹ náà lè rí ọ.

Olúwa ò ní jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ sọ sọ́rì, yálà ti pẹ̀lẹ́ tàbí ti má bínú, mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìyàndá Ògúnlàdé