Èmi àti Bàbá Nínú Ihò Òkè

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdùnnú, kí ó má bá ẹnì kankan lórí àìsàn. Àwa níbí wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti sọ díẹ̀ fún yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo ń sun lọ́jọ́ náà, kò sì dájú pé ẹ gbọ́ orí ọ̀rọ̀ mi, ká má tíì sọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú Bàbá ti ń ṣú lọ títí ó fi ku òjìji nìkan tí wọ́n ń rí, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Bí mo bá yọ jáde lọ ra òwú ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, kí n tó padà, Bàbá á ti pè mí títí ohùn wọn á fi há. Ìwà burúkú kọ́. Wọn ò mọ̀ bóyá mo wà nílé tàbí mi ò sí ni. Fèrèsé àwọn ẹlòmíràn ni mò ń rán kọ́tìnì fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tiwa sì rèé, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Bí ènìyàn bá bi mí pé báwo ni, mo máa ń ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pa, tí wọn ò sì yọ iná lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti wá nìyí. Ẹ rántí atún-kẹ̀kẹ́-ṣe ọwọ́ ìsàlẹ̀ wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sípóòkù nítorí pé ó gùn, ó sì tín-ín-rín bí irin inú táyà kẹ̀kẹ́? Ó wá kí Bàbá lọ́jọ́ kan, Bàbá sì sọ fún un pé nínú gbogbo ohun tí ojú yìí gbà lọ́wọ́ àwọn, kẹ̀kẹ́ ló ń dun àwọn jù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà káàkiri ìlú títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó fi ọ̀pá kẹ̀kẹ́ gbé ẹ̀yin fúnra yín lọ sílé ìwé! Sípóòkù wò wọ́n, ó ní, “Bàbá, mo ní kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì kan nílé. Ẹni tó bá wà níwájú ló nílò ojú. Ẹni ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ló nílò.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Bí èmi àti Bàbá ṣe yá kẹ̀kẹ́ náà, tí a palẹ̀ mọ́ nìyẹn, tí a gba ọ̀nà ọgbà ńlá orí òkè lọ, èyí tí ìjọba fi ń pa igbó àti ẹranko mọ́. Ilé àlejò kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ òkè, ibẹ̀ la dé sí. Wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ oríṣiríṣi síbẹ̀, wọ́n sì kun ọ̀dà sára òkúta kí àlejò má baà ṣìnà. Ọ̀nà aláwọ̀ ewé yí adágún omi po, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Aláwọ̀ búlúù ń bá odò lọ láàárín igi, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Aláwọ̀ pupa ni wọ́n fi sí ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin rẹ̀. Ó ń pọ́n òkè díẹ̀díẹ̀, ó wá gba inú ihò kan tí wọ́n gbẹ́ la òkè já, kí ó tó yọ sí òdìkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí a gun aláwọ̀ ewé àti ọjọ́ tí a gun aláwọ̀ búlúù, mo rí Bàbá tí mo ti gbàgbé. Wọ́n á ní, “Kí lo rí?” Màá ní ìkùukùu ń rá gorí òkè. Wọ́n á ní, “Irọ́ ni. Ìkùukùu kì í móoru báyìí lójú èèyàn. Oòrùn ti là á.” Òtítọ́ sì ni, mo ti sọ èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn ni. Bí a bá dé ibi tó ga tí mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, màá gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi: “Àbígbẹ̀yìn, ṣé ò ń wa kẹ̀kẹ́ ni, àbí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lo wọ̀?” Àwọn tó ń kọjá ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí a fẹ́ gun aláwọ̀ pupa. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ọgbà, ó ní ọ̀nà dára, lóòótọ́ ló sì dára títí a fi wọ inú ihò náà. Òtútù ibẹ̀ mú wa lójijì. Bàbá súfèé kan láti gbọ́ bí yóò ṣe padà wá bá wọn, inú wọn sì dùn sí i. A ò tíì jìnnà púpọ̀ nígbà tí nǹkan ró níwájú bí ìgbà tí tírélà bá da òkúta sílẹ̀. Atẹ́gùn kan fẹ́ lù wá, eruku tẹ̀lé e. Bàbá gbá ẹ̀yìn aṣọ mi mú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, a rọra ti kẹ̀kẹ́ lọ síwájú, mo sì rí amọ̀ àti òkúta pẹ̀lú odidi igi kan tó dorí kodò, wọ́n dí ẹnu ihò náà ní òdìkejì pátápátá. Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà.” Kí a tó padà dé ibi tí a gbà wọlé, ara òkè ya lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yẹ kó wà. Mi ò rí nǹkan kan.

Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Fóònù ò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo rò pé Bàbá ń ṣọkàn akin ni, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kàn wọ́n tí mo bá wọn tí wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. Bàbá wa, ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán lé ajá ọlọ́dẹ! Wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún mi.” Mo gbá wọn mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó yá ni wọ́n wá sọ pé, “Báyìí ló ṣe máa ń rí fún mi lójoojúmọ́, Àbígbẹ̀yìn. Ibi tí mo wà rèé. Ìwọ náà ló wá bá mi níbẹ̀ lónìí.” Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo gbé e mì.

Omi ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Ó ń jò láti òkè, ó sì ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ kí n tó fura. Mo fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ ògiri títí mo fi kan gọ́tà àtijọ́ kan, amọ̀ ti dí ojú rẹ̀ níbi tó ti wọ inú ògiri lọ. Mo gba akoto orí Bàbá, mo fi ń kó amọ̀ náà kúrò, Bàbá sì ń fi ọwọ́ wọn méjèèjì wa tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó là, omi ṣàn wọ̀ ọ́ gbùrùù, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ ní ìparí rẹ̀, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́. Bàbá fi ọwọ́ wọn wọn bí gọ́tà náà ṣe fẹ̀ tó, wọ́n wọn èjìká ara wọn, wọ́n wá wọn tèmi. “Ó gbà ọ́, kò gbà mí. Máa lọ.” Mo ní ta ló máa dúró tì wọ́n. Wọ́n ní, “Òkùnkùn. A ti mọra wa.” Mo fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe.

Mo fàyà fà wọ inú gọ́tà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, mo sì há. Ìbàdí mi kọ̀, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Omi ń gba abẹ́ àgbọ̀n mi kọjá, òkúta wà lẹ́yìn mi, mi ò lè gbé orí sókè. Gbogbo èémí tí mo bá fà sínú ló túbọ̀ ń fún mi pa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá láti ẹ̀yìn, ó rọ̀, kò gbọ̀n mọ́: “Má fa èémí mọ́. Tú èyí tó wà níkùn jáde. Tú gbogbo rẹ̀ jáde.” Mo tú u. Ara mi rọ̀, mo yọ̀ síwájú díẹ̀, mo tún tú u. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ sórí koríko bí ẹran tó bọ́ lókùn.

Ohun tó wù mí kí ẹ mọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí nìyí. Mi ò sáré. Oòrùn ràn sí mi lójú, odò ń lọ nísàlẹ̀, mo sì mọ ọ̀nà ilé àwọn ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí òkúta kan. Ọwọ́ mi ṣófo. Ẹnì kankan ò pè mí. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò ro ikú ro Bàbá, kò kọjá lọ́kàn mi rárá. Mo kàn fẹ́ jókòó díẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pe orúkọ mi ni. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, tí mo sì sáré débi pé bàtà mi kan ṣì wà nínú koríko yẹn di bí mo ṣe ń wí yìí.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ṣọ́bìrì, wọ́n pe katapílà, oòrùn sì ti ń wọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu ihò náà. Wọ́n gbé Bàbá jáde, amọ̀ lórí, amọ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, “Bàbá, ẹ kú ewu.” Bàbá ní, “Ewu iná kì í pa àwòdì. Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti fún un ní nǹkan jẹ?” Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n fi ẹnu kan etí mi, wọ́n ní, “O tètè dé. Mo rò pé wàá sinmi díẹ̀ sí i.”

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mọ̀. Láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n ti mọ̀. Nígbà tí a délé, wọ́n fúnra wọn ló ní kí n kọ̀wé sí yín. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀, mò ń sọ fún yín ni: bí ilé ìwé àwọn ọmọ bá ti wọ ìsinmi, ọ̀dọ̀ yín ni Bàbá ń bọ̀, wọ́n á sì pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Sípóòkù ti ń bá mi tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣe. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń dé, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n owó kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú dé balùwẹ̀. Ẹ ti máa ń sọ pé yàrá yín kéré. Ẹ fọkàn balẹ̀, èmi àti Bàbá ti gbé èyí tó kéré jù ú lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ yín níwájú, kí ó má sì dí mọ́ yín lẹ́yìn. Kí àwọn ọmọ yín tọ́jú yín láìsí ìkùnsínú, kí ẹ̀yin náà sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa, ẹ sọ fún un pé mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀ fún un, kó má bínú sí mi.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí lọ,
Àbígbẹ̀yìn.

Ó kù díẹ̀: Bàbá jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ní kí n bi yín bóyá òkè wà nítòsí ibi tí ẹ ń gbé, àti pé nínú àwọn ọmọ yín, èwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn dé pẹ́dà kẹ̀kẹ́.