Ọ̀pá Aláṣọ Pupa Inú Oko Iṣu Wa

Iyamoye, Ìjùmú.

Kíkẹ́lọmọ ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ariwo Àbújá. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le dáadáa. Ọlọ́run tó mú ọ lọ ni yóò mú ọ bọ̀, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà, pàápàá ọ̀nà tiwa yìí.

O sọ lórí fóònù pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ọ̀nà ni wàá wálé, mo sì lọ béèrè. Àwọn kánsù ní ọ̀nà ìpínlẹ̀ ni, àwọn ìpínlẹ̀ ní ti ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gba inú kòtò padà sílé.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo dé oko, mo bá ọ̀pá gbọọrọ gbọọrọ tó tò lọ, aṣọ pupa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ti bẹ ìjọba ní ìpàdé àgbẹ̀ pé kí wọ́n ran oko iṣu wa lọ́wọ́. Mo ní wọ́n mà gbọ́ o, wọ́n ti kó ọ̀pá iṣu wá, wọ́n tún fi aṣọ pupa pa àlè sí i kí olè má baà gbé e. Èmi ni mo ni ilẹ̀, àlè ò kàn mí. Mo tú aṣọ, mo hú gbogbo ọ̀pá, mo rì wọ́n sídìí ebè kí iṣu lè rí nǹkan fà mọ́. Ìyá rẹ fi aṣọ náà rán ìrọ̀rí.

Àfi bí obìnrin ẹnjiníà kan, Rejoice, ṣe dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó kọjú sí apá Àbújá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé bó bá rí ọ, kó bá mi kí ọ. Ó béèrè ẹni tó hú ọ̀pá òun. Mo mú un lọ wo iṣu, ló bá jókòó sórí ebè. Ó ní ọ̀pá yẹn ni àmì ibi tí ọ̀nà tuntun yóò gbà, ìjọba àpapọ̀ ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, bí àwọn ọ̀gá òun ò bá sì rí àmì ní Mọ́ńdè, ibòmíràn ni owó ń lọ.

Kíkẹ́lọmọ, ọ̀nà tí o máa gbà wálé ni iṣu mi ń gùn yẹn. Àárò rẹ ń sọ wá, ìyá rẹ ò kàn ní sọ fún ọ ni.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ọ̀pá iṣu mìíràn, mo ti hú ti ìjọba kúrò, iṣu ti sùn sílẹ̀. Ìyá rẹ ti tú ìrọ̀rí, a ti so aṣọ padà. Mi ò kúkú rántí ibi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Títì ńlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ́n, mo gba ẹ̀yìn ilé Boaz aládùúgbò wa, mo sì parí rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn wa, torí mi ò mọ ibòmíràn tí ọ̀nà náà tún fẹ́ lọ.

Ọ̀nà rẹ á là o.

Èmi bàbá rẹ,
James.