Azélie Guidroz, Alásè Tó Fi Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin Sílẹ̀ (1958–2024)

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni a bí Olóògbé Azélie Guidroz ní Plaquemine, Louisiana, sí ìdílé Alcide Dugas, àgbẹ̀ ìrèké, àti Ophélia aya wọn. Olóògbé ni àbíkẹ́yìn. Léontine ẹ̀gbọ́n wọn ló pọ̀n wọ́n dàgbà.

Ní 1980, Olóògbé di aya Ovide Guidroz, atukọ̀ odò. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jẹ́ alásè ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ebi pa lójú wọn rí.

Ní 1999, àìsàn ẹ̀dọ̀ pa bàbá wọn. Alcide kò fi ọtí kan ẹnu rí. Ọ̀rá ló bo ẹ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, aráyé ní wọ́n ń mu ún níkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ta Olóògbé lára. Ní 2007, yunifásítì kan ní Baton Rouge ń wá àwọn tí ara wọn le, kí wọ́n máa fi ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ wọn sílẹ̀ fún ọdún méjì, kí a lè mọ̀ bóyá irú ìjẹun bẹ́ẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀ lára ni tàbí ó ń tọ́jú rẹ̀. Olóògbé lọ. Ọdún méjì pé. Olóògbé kò padà sí oúnjẹ àjẹyó; wọ́n ń fi ìdá náà sílẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ọbẹ̀ ilá àti ìrẹsì bá délẹ̀, àwọn ará ilé a máa pè wọ́n ní Alásè-má-jẹun. Léontine a ní: “Azélie, ṣé ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tìrẹ kò ní Àjíǹde ni?”

“Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n gbààwẹ̀ mi tán ná.”

Ní 2022, Léontine tẹ̀lé wọn lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ní yunifásítì náà. Dókítà fi àwòrán ẹ̀dọ̀ náà hàn: ó mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ara ẹnì kan kò tó fi ṣòfin fún gbogbo ayé. Nígbà tí ọkọ̀ wọn kọjá afárá lọ sílé, Léontine ní:

“Ó dáa, o borí. Ṣùgbọ́n o ṣì rí bí igi ìgbálẹ̀.”

Ọmọ ìjọ Kátólíìkì tòótọ́ ni Olóògbé. Àwo tó kún dẹ́nu ni wọ́n ń gbé lọ fún àwọn aláìlera ìjọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹ̀ka igi tí ìjì ti fà ya já lù wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣa èso pékàn. Kí ẹni tó ń sọ pé ebi ló pa wọ́n panu mọ́. Igi ni. Bàbá wọn kò sì mutí.

Ọkọ wọn, ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ méjì, Thérèse àti Clovis, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún ló gbẹ̀yìn wọn.

Léontine fúnra wọn ló se ọbẹ̀ ilá tí ẹ ó jẹ lónìí. Wọ́n ní kí gbogbo yín jẹ àjẹyó. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n bù tí kò kún: tiwọn fúnra wọn ni.

Ẹ sùn re o, Azélie. Ààwẹ̀ ti pé. Àjíǹde ló kù.